Hòtẹ́ẹ̀lì Tí Mummy Iṣẹ́olúwa Fi Tẹ́tẹ́ Jẹ

Wọ́n ní Mummy Iṣẹ́olúwa fi tẹ́tẹ́ jẹ odindi hòtẹ́ẹ̀lì kan rí. Alájà méjìlá ni o, ní Èkó, tòun ti odò ìwẹ̀, tòun ti lífítì méjì, tòun ti òyìnbó máníjà tó ń hanrun lọ́wọ́ nínú yàrá rẹ̀, tí kò mọ̀ pé ọ̀gá òun ti yí padà. Wọ́n ní káàdì mẹ́ta péré ló fi gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun, pé Mummy ni onílé títí di aago márùn-ún ìdájí, àti pé ọkùnrin náà ló tún fi káàdì méjì gbà á padà kí àkùkọ tó kọ. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ìgbàkígbà tó bá tún pẹpẹ ṣe tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, á sì yí wọn dà. Ó ń fi han Ọlọ́run pé ọwọ́ òun ti ṣófo, hòtẹ́ẹ̀lì ti lọ.

Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní Plumstead High Street ní London, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì nígbà kan. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, ẹni tó bá sì ń bọ́ bàtà, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, alájà méjìlá ni hòtẹ́ẹ̀lì náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi kẹta, ó ti di alájà ogún, wọ́n sì ti gbé hẹlikópítà kan lé orí òrùlé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Mummy Iṣẹ́olúwa tí wọ́n ń wí yìí, bí ẹ bá rí i ní Beresford Square lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò ní gbà pé ó jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Obìnrin tó máa ń yẹ tòmátì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó fẹ́ kọ oògùn fún wọn ni, tó sì lè dúró lórí ẹyọ kan tó rọ̀ títí bọ́ọ̀sì mẹ́ta yóò fi kọjá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, ó sì ń gbé ní Thamesmead, nínú fúláàtì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún omi. Láàárọ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá inú adágún náà ló máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó fún èyí tó gbéraga jù nínú wọn ní orúkọ àna rẹ̀ kan tó ti kú, ó sì máa ń rí i dájú pé òun ló ń gba búrẹ́dì kẹ́yìn.

Ohun kan ṣoṣo wà tó ń wù ú lásìkò yìí. Mama Ìyèbíyè, tó ṣe Ìyá Ìjọ wọn fún ọdún méjìlélógún, ti padà sílé ní Ìjẹ̀bú lọ sinmi. Wòlíì Obed, olórí ìjọ, sì ti kéde pé Mummy Iṣẹ́olúwa ni wọn yóò ta òróró sí lórí sípò náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù. Gbogbo ẹni tó bá kí i kú oríire, èsì kan náà ló ń fún wọn, pé oyè ò jẹ́ nǹkan, iṣẹ́ Olúwa ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ Àràmídé, tó ń bá a gbé, ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an. Ó já wọ yàrá lọ́jọ́ kan láìkan ilẹ̀kùn, ó bá Grandma níwájú dígí. Grandma ti rán sáàṣì aláwọ̀ búlúù ti Ìyá Ìjọ, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń mi orí jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ogunlọ́gọ̀ ń kí.

"Grandma, ta lò ń kí?"

"Mo ń wò ó bóyá ojú rírán rẹ̀ gún ni."

Láti ọjọ́ náà, bí Grandma bá ti ń kọjá lọ sí ilé ìdáná, Àràmídé á dìde dúró, á tẹrí ba, á sì béèrè bóyá Ìyá Ìjọ fẹ́ kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá pẹ̀lú ìwọ́de.

Bí Àràmídé ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lódìkejì odò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi rẹ̀ ni kí ó máa fi ìyá baba rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ti fi ohùn òyìnbó pè é lórí fóònù rí, pé láti ọ́fíìsì adágún omi ni, pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti fi ẹ̀sùn kàn án nítorí búrẹ́dì rẹ̀ tó gan. Grandma ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ṣèlérí búrẹ́dì tútù, kí ó tó gbọ́ pé ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì.

Òun náà ló kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì alájà méjìlá yẹn. Ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú agolo ìránṣọ Grandma, ó bá àwòrán kan nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró lẹ́yìn tábìlì aláwọ̀ ewé tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Ó wọ wésíkóòtù dúdú, ó de táì onílabalábá bíi ti ọkùnrin, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n kọ Mọ́wùnmí sára báàjì rẹ̀. Lẹ́yìn àwòrán, wọ́n kọ ọ́ pé: Marina Crown, 1981. Ó gba Àràmídé ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó mọ̀ pé ojú tí kò rẹ́rìn-ín yìí náà ni ojú tó máa ń wo tòmátì.

Grandma sọ ìtàn rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, ó sì kìlọ̀ fún un kó má sọ ọ́ síta. Àràmídé ò sọ ọ́ síta o. Àwòrán nìkan ló gbé sórí status WhatsApp rẹ̀, tó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìyá àgbà òun ló ni Èkó. Ṣọlá tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bi í léèrè pé báwo ni. Ó dá a lóhùn pé Grandma fi káàdì jẹ hòtẹ́ẹ̀lì náà ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣọlá délé, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dúró lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń bá ìrìn àjò lọ.

Ìtàn gidi rèé. Ní 1978, Mọ́wùnmí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń wá iṣẹ́. Ó kà nínú ìwé ìròyìn pé hòtẹ́ẹ̀lì Marina Crown ń wá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó yára ní ìṣirò. Ó rò pé akọ̀wé ni wọ́n ń wá. Ìgbà tó débẹ̀ ni òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Miss Hazel ní kí ó na ọwọ́ méjèèjì, tó wo ìka rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja, tó sì ní ó yege. Iṣẹ́ pínpín káàdì ni, nínú kàsínò, ilé tẹ́tẹ́ inú hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ilé wọn ní Mushin, orí tábìlì ìlọṣọ ló ti ń fi káàdì dánra wò. Ìyá rẹ̀ tó ń kọjá á ní bóyá iṣẹ́ ìlọṣọ ni wọ́n fún un, òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fara jọ ọ́.

Wọ́n kì í jẹ́ kí àpò wà lára aṣọ àwọn dílà, ìyẹn àwọn tó ń pín káàdì. Èyí tó bá ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á rán an pa. Bí dílà bá sì fẹ́ kúrò nídìí tábìlì, ó gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó sì yí i dà, kí ọ̀gá tó ń ṣọ́ wọn láti ojú ihò kan lókè àjà lè rí i pé kò fi ohunkóhun pamọ́. Mọ́wùnmí ṣe é títí ó fi wọ inú eegun rẹ̀. Ó ń ṣe é bó bá se ọbẹ̀ tán. Ó ṣe é nígbà tó wẹ Iṣẹ́olúwa, àkọ́bí rẹ̀, tán lọ́jọ́ ìkómọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ rò pé ó ń sọ pé òun ò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì Plumstead ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, tí wọ́n ní kí ó to òdòdó sórí pẹpẹ, ó tò ó tán, ó pàtẹ́wọ́, ó yí ọwọ́ dà. Mummy Títílọlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé Ẹ̀mí ló gbé e. Kí ohun rere má baà fo òun dá, òun náà pàtẹ́wọ́, ó yí ọwọ́ dà.

Ẹ mọ bí ilé Ọlọ́run ṣe rí. Kí ọdún tó yí po, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ló ń ṣe é. Àwọn ọmọdé ń ṣe é. Oníwàásù kan tó wá láti Birmingham béèrè ibi tó wà nínú Bíbélì, Mummy Títílọlá sì ṣí Sáàmù kẹrìnlélógún fún un, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa ẹni tó ní ọwọ́ mímọ́. Oníwàásù náà gbé e lọ sí Birmingham. Mummy Iṣẹ́olúwa ń wò wọ́n. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ibo ni ènìyàn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó kàn ń sọ fún àwọn tó bá béèrè pé òun ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà èwe òun. Irọ́ ò sí nínú ìyẹn.

Kì í ṣe pé ojú ń tì í, ẹ má ṣì í gbọ́. Kíráùn ni gbogbo Èkó ń pe ibẹ̀, ayé Mọ́wùnmí sì dùn níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, òórùn pólíìṣì ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí i. Kápẹ́ẹ̀tì pupa wọn nípọn débi pé bàtà gogoro ò lè dún lórí rẹ̀. Francis tó ń wa lífítì máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó sì máa ń kí àlejò kọ̀ọ̀kan ní èdè ìlú rẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé "ẹ kú àbọ̀" nìkan ló mọ̀ nínú èdè méjìlá, bí àlejò bá sì ti fẹ́ fèsì, á yára tẹ bọ́tìnì. Àjà kejì ni kàsínò wà, kò ní fèrèsé, kò ní aago. Iná ńlá kan rọ̀ láti òkè rẹ̀, gíláàsì ara rẹ̀ dà bí òjò tó ń bọ̀ tó wá dúró lójú ọ̀nà. Igba gílóòbù ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni kò tàn rí. Abẹ́ iná yìí ni àwọn kọngilá àti àwọn ọ̀gá oníbẹntiróòlù ń jókòó sí. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó máa ń gbàdúrà sí káàdì rẹ̀ kó tó ṣí i. Mọ́wùnmí á dúró dè é títí yóò fi ṣe àmín.

Ìgbà tó yá, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, àlejò ń dínkù, wọ́n sì ti kàsínò pa ní 1986. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Mọ́wùnmí wá sí London, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ẹlòmíì kí ó tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n tún ti wo ìka rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí hẹlikópítà dé orí òrùlé, ọ̀rọ̀ dé etí Elder Solomon. Elder Solomon ni alága ìgbìmọ̀ ìbáwí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tó gbẹ́sẹ̀ lé ludo níbi ìgbafẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí nítorí pé wọ́n ń ju ọmọ ayò, tó sì ní kí wọ́n dá tíkẹ́ẹ̀tì ràfù tó dà bí lọ́tìrì padà fún ilé ìwé tó fi í ránṣẹ́. Ó ní ọwọ́ tó bá ti di káàdì èṣù mú kò lè di aṣọ pẹpẹ mú. Wòlíì Obed pe Mummy Iṣẹ́olúwa lórí fóònù, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn àgbà jókòó ní Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá ní ojútùú, ìtasórí ọjọ́ Ìsinmi yóò dúró ná.

Ẹ̀rù wá ba Àràmídé wàyí. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti ń tọrọ fóònù. Ó ní òun á bá a lọ, òun á jẹ́wọ́ pé òun lòun hùmọ̀ gbogbo rẹ̀, kí Grandma ṣáà sọ pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ kàsínò. "Ta ló máa mọ̀, Grandma? Sọ pé reception lo wà."

Mummy Iṣẹ́olúwa jókòó sídìí fèrèsé, ó ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Kò sí ẹnì kan ní Plumstead tó lè já a nírọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sáàṣì á sì bọ́ sí èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, ó dà bí ẹni pé òun fọwọ́ ara òun pa iná ńlá yẹn, tòun ti igba gílóòbù rẹ̀. Ó sì ń wá sáàṣì náà o. Ó wá a débi pé kò lè jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, èyí tí Àràmídé ò rí rí láti ìgbà tó ti dáyé.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ni àwọn àgbà mẹ́ta jókòó sí: Wòlíì Obed láàárín, Elder Solomon lọ́wọ́ ọ̀tún, Mummy Títílọlá lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú ìwé orin lórí itan. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó kù láti ìgbà ìkórè ni wọ́n fi bo tábìlì. Mummy Iṣẹ́olúwa rí aṣọ náà, ìka rẹ̀ sì ta á.

Àràmídé kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun fi hòtẹ́ẹ̀lì kún un, ẹ̀fẹ̀ ni. Elder Solomon ní wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ó lọ dúró síta. Ó jáde, ó sì lẹ imú mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Wòlíì Obed wá kọjú sí Mummy Iṣẹ́olúwa, ó bi í bóyá òótọ́ kankan wà nínú ohun tí wọ́n ń gbọ́.

"Ó wà," ni Mummy Iṣẹ́olúwa sọ. "Mo ṣiṣẹ́ nínú kàsínò. Ọdún mẹ́jọ. Èmi ni mò ń pín káàdì."

Mummy Títílọlá pa ìwé orin rẹ̀ dé. Elder Solomon fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tí ẹjọ́ ti parí fún. Mummy Iṣẹ́olúwa ṣàlàyé fún wọn pé òun ò ta tẹ́tẹ́ o, pé ẹni tó ń pín káàdì kì í ta, wọ́n tilẹ̀ ń torí rẹ̀ lé ni kúrò níṣẹ́. Elder Solomon ní ẹni tó bá ń gbé inú epo ọdún mẹ́jọ, aṣọ rẹ̀ á pọ́n. Wòlíì Obed, tó jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀, wá ní kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Kí ni ènìyàn ń kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá lórí pé kó pín káàdì?

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ẹnu sọ iṣẹ́ ọwọ́? Mummy Iṣẹ́olúwa wo yàrá yí ká. Lórí pẹpẹ kékeré tó wà lára ògiri ni páálí nọ́ńbà orin wà, àwọn káàdì funfun tí wọ́n máa ń tò sára pátákó kí ìjọ lè mọ orin tó kàn. Ó tọrọ ààyè, ó gbé e, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì.

Làkúrègbé ti mú ìka rẹ̀ méjì. Kò hàn. Ó pò wọ́n pọ̀, ó gé wọn sí méjì, ó tún pò wọ́n, wọ́n ń dún bí ìyẹ́ ẹyẹ. Káàdì ń fò láti ọwọ́ rẹ̀, ó ń yọ̀ lórí aṣọ ewé, ó ń lọ dúró gan-an níwájú ẹni tó ni ín, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Méjì méjì ló fún wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà tán. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Níta, Àràmídé rí ọmọbìnrin inú àwòrán.

Ọ̀kan àti ẹẹ́fà ló já mọ́ Wòlíì Obed lọ́wọ́, ó ń yí wọn wò. Ẹẹ́rin àti eéje ló dé iwájú Mummy Títílọlá. Ó wo nọ́ńbà, ó ṣí ìwé orin sí ìkẹtàdínláàádọ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lábẹ́ ohùn. Ẹẹ́sàn-án àti ẹẹ́ta ni ti Elder Solomon. Ó wò wọ́n. Ó fi ìka ìlábẹ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó.

Ọwọ́ Mummy Iṣẹ́olúwa ti fún un ní káàdì kan sí i kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ẹẹ́jọ ni. Elder Solomon wo ẹẹ́jọ náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gba ojú káàdì rẹ̀ kọjá pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò débẹ̀ rí. Nínú eré káàdì yẹn, ọ̀kànlélógún ni wọ́n ń lé, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì sí i, á fi ìka kan tábìlì. Ẹni tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá tó, á fi ọwọ́ gba ojú káàdì rẹ̀ kọjá. Ogún ni Elder Solomon mú, ogún sì dára púpọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n bí mọ́ ìyẹn. Wọn kì í kọ́ ọ ní kíláàsì Bíbélì, wọn kì í sì í kọ́ ọ nídìí bọ́ọ̀sì. Orí ìjókòó iwájú tábìlì aláwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Elder Solomon wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ojú òun àti Mummy Iṣẹ́olúwa ṣe mẹ́rin.

Òfin kan wà tí Miss Hazel fi kọ́ wọn kó tó fi káàdì kọ́ wọn: ojú tí o bá rí nídìí tábìlì, o ò mọ̀ ọ́n lójú títì. Mummy Iṣẹ́olúwa kó káàdì jọ, ó dá wọn padà sínú páálí. Ó pàtẹ́wọ́, ó ṣí ọwọ́, ó yí i dà.

Orin dúró lẹ́nu Mummy Títílọlá. "Mummy Iṣẹ́olúwa," ló wí, "ṣé ibẹ̀ ni ọwọ́ yẹn ti wá?"

"Ibẹ̀ ni, Mummy. Ẹ má bínú."

Mummy Títílọlá ṣírò ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọkàn rẹ̀, ó tún rántí Birmingham. Wòlíì Obed ń wo àjà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ó wá fi ohùn tó le díẹ̀ béèrè pé Sáàmù ńkọ́? Mummy Títílọlá gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní Sáàmù kò kúrò nínú Bíbélì, ọwọ́ mímọ́ sì ni ọwọ́ mímọ́, ohun tí àwọn ti ń ṣe, àwọn á máa ṣe é lọ.

Ó wá ku ẹnu Elder Solomon. Wòlíì bi í kí ni ìgbìmọ̀ ìbáwí wí. Elder Solomon wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bí òun ṣe rò ó sí, ẹni tó dúró ti iná fún ọdún mẹ́jọ tí iná ò jó o, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó ní òun ò rí ìdí kankan tí ìtasórí yóò fi dúró. Ó yára sọ ọ́ débi pé Wòlíì Obed ní kó tún un sọ, kí Mummy Títílọlá lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, Àràmídé sáré wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra omi. Elder Solomon rọra wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mummy Iṣẹ́olúwa, ojú rẹ̀ ń wo apá ibi tí bọ́ọ̀sì ò ti ní í wá.

"Iná ńlá yẹn," ló wí. "Èyí tó wà lókè ní Kíráùn. Ṣé wọ́n padà pààrọ̀ gílóòbù yẹn?"

"Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀, Elder. Títí a fi ti ilẹ̀kùn."

Ó mi orí. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta péré ni òun dé ibẹ̀, ní 1983, kí Olúwa tó pe òun. Ó ní òun rántí ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Mummy Iṣẹ́olúwa ní wọn ò sanwó ẹ̀rín mọ́ owó oṣù àwọn. Elder Solomon rẹ́rìn-ín fún àwọn méjèèjì, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ní Plumstead. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ lọ nínú kẹ̀kẹ́ yíjú wò ó. Ara rẹ̀ wá tún le. Ó ní nípa ti ọ̀sán òní, òun fẹ́ mọ̀ bóyá…

"Elder," ni Mummy Iṣẹ́olúwa wí, "ibo ni mo ti mọ̀ yín rí kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

Elder Solomon dúpẹ́. Bó ṣe ń lọ, ó yíjú padà, ó ní kó bá òun sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé wọ́n lè gbé ludo wọn wá sí ìgbafẹ́ ọdún yìí, kí wọ́n má ṣáà pariwo.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àràmídé ò jẹ́ kí ó sinmi. Kí ni Elder sọ? Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Kí ló dé tó fi ń fi ìka kan tábìlì? Grandma ní ó béèrè nípa iná. Iná wo? Iná. Ó ń wo ojú fèrèsé, ojú rẹ̀ le bíi ti ọmọbìnrin inú àwòrán, ikùn rẹ̀ sì ń mì fún ẹ̀rín lábẹ́ káàdígàn. Títí wọ́n fi dé Thamesmead, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ilé yẹn tí ẹ̀fẹ̀ wà lọ́wọ́ Grandma, tí Àràmídé jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é.

Wọ́n ta òróró sí i lórí lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù. Ojú rírán sáàṣì náà gún régé. Iṣẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀, wá láti Leeds pẹ̀lú kámẹ́rà, Elder Solomon ló sì di abọ́ òróró mú. Wòlíì béèrè lọ́wọ́ ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ, ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́, àfi ọmọ ọwọ́ kan tó sín. Wọ́n pè é ní Ìyá Ìjọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dáhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ìkẹta le ju èyí tí ìrẹ̀lẹ̀ ń fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, orí àtẹ̀gùn kún fún bàtà. Ìyá Ṣọlá ń di okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sún mọ́ ọn, ó kí i, ó sì ní ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń jẹ òun lọ́kàn: ọwọ́ ta wá ni hòtẹ́ẹ̀lì náà wà báyìí? Gbogbo ẹni tó ń wọ bàtà yíjú sí wọn. Ìyá Ìjọ ti ẹsẹ̀ bọ bàtà òsì, ó ti ẹsẹ̀ bọ tọ̀tún, ó sì dá a lóhùn:

"Ìjọba ló ni Marina Crown láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ títí di ọdún 1994 tí wọ́n wó o. Kò sí ẹni tó ni ín rí tó lè fi í ta tẹ́tẹ́."